Èso kún ẹ̀yìnkùlé: júùsì, ṣírọ́ọ̀pù, jáàmù, fìrísà àbí oòrùn, èwo ni ká mú?

Ẹni tó bá ní igi mángòrò lẹ́yìnkùlé mọ ohun tí mò ń sọ. Láti January lèèyàn á ti máa wo òdòdó lórí igi, á máa bẹ atẹ́gùn pé kó má gbọ̀n ọ́n dànù, tó bá wá di April wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í já lu páànù lóru, gbàà, gbàà, oorun ò ní wọjú, tílẹ̀ bá fi máa mọ́ garawa mẹ́ta ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè yín. Ọjọ́ kìíní ẹ máa jẹ ẹ́ títí omi ẹ̀ á fi ṣàn dé ìgúnpá. Ọjọ́ kejì ẹ máa bù fún aládùúgbò. Tó bá di ọjọ́ kẹta, aládùúgbò á ti máa sá fún yín tó bá rí yín pẹ̀lú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́, torí igi tiwọn náà ń já. Ìgbà yẹn ni eṣinṣin á wá gba ilé lọ́wọ́ onílé.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń dán oríṣiríṣi wò sí i nílé wa n'Ìbàdàn. Mo ti fi ṣúgà ṣòfò, ìgò ti fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo ti da odidi ìkòkò jáàmù nù. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ wa ni pé ìbéèrè tí a kọ́kọ́ máa ń bi ni pé èwo ló dùn jù nínú gbogbo ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló dùn jàre. Ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ mu ún ni kẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ wá wo iná àdúgbò yín, ṣúgà tẹ́ ẹ lè rà, àti bóyá èso yẹn kan tàbí kò kan. Ẹni tó fẹ́ mu ún lọ́la àtẹni tó fẹ́ fi ṣàlejò nígbà Kérésì, ohun tí wọ́n máa ṣe ò lè jọ ra wọn láéláé.

Júùsì tútù àti ṣírọ́ọ̀pù

Júùsì tútù ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ sáré sí, mi ò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ gé e, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ó parí. Kò jẹ ṣúgà, kò jẹ gáàsì, fítámì inú ẹ̀ sì wà bó ṣe wà torí iná ò kàn án. Wàhálà ẹ̀ ni pé ọjọ́ méjì sí mẹ́ta péré ló ní nínú fìríìjì, ìyẹn tí iná bá wà o, tó bá sì jẹ́ orí tábìlì lẹ gbé e sí nínú ooru tiwa yìí, tó bá ti kọjá wákàtí méjì kẹ́ ẹ yáa mọ̀ pé kòkòrò ti ń ṣe fàájì nínú ẹ̀. Garawa mẹ́ta mángòrò tó bá di júùsì, ta ló fẹ́ mu ún tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta? Ọmọ mẹ́rin ló wà nílé wa, wọn ò sì mu ún tán rí.

Ṣírọ́ọ̀pù ni èyí tó ki, tó jẹ́ pé ẹ máa bu díẹ̀ sínú ife kẹ́ ẹ tó bomi là á. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé: lítà kan omi mángòrò tí mo ti sẹ́, kílò kan ṣúgà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Mo máa ń gbé e ka iná kékeré, màá máa rò ó títí ṣúgà á fi yọ́ pátápátá, tó bá ti ń yọ ìfófó kéékèèké létí ìkòkò màá jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni tó bá ní tẹmọ́mítà kó rí i pé ó kọjá 85°C. Ìfófó funfun tó bá gun orí ẹ̀, ẹ fi ṣíbí gbá a kúrò, òun ló máa ń wá dà bí ọ̀dà lọ́rùn ìgò. Mángòrò Ògbómọ̀ṣọ́ tó lókùn nínú yẹn dáa fún èyí gan-an torí asẹ́ máa kó okùn ẹ̀, àti kóró tó ṣì ní ẹran lára, ẹ má dà á nù, ẹ bomi díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ sè é kẹ́ ẹ sì rà á lọ́wọ́, ẹ máa rí bíi ife méjì sí i níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ báyìí. Lítà kan omi mángòrò àti kílò kan ṣúgà máa fún yín ní ṣírọ́ọ̀pù bíi lítà kan àbọ̀ ó lé díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń bu ife kan rẹ̀ sínú ife omi mẹ́rin, ohun mímu lítà mẹ́jọ nìyẹn. Lítà mẹ́jọ tó jókòó sínú ìgò méjì kéékèèké, tí kò béèrè fìríìjì lọ́wọ́ yín títí dìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i! Tèmi máa ń lo oṣù mẹ́fà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí oòrùn ò ti rí i. Tẹ́ ẹ bá ti wá ṣí i, fìríìjì ló kàn, kẹ́ ẹ mu ún tán láàárín oṣù kan, torí ṣúgà tó wà nínú ẹ̀ ò pọ̀ tó ti jáàmù, ó lè bu lórí.

Ibi tó ti jìn síni ni ṣúgà yẹn náà. Ife 25cl kan tẹ́ ẹ là ní ọ̀kan sí mẹ́rin, bíi gíráàmù 35 ṣúgà ló wà níbẹ̀, èyí tó tó ṣíbí tíì mẹ́jọ ó lé. Ìyẹn ju ti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí à ń bú lọ. Fún àwọn ọmọ, ọ̀kan sí mẹ́fà ni mò ń là á, bàbá mi tó ní ìtọ̀ ṣúgà ò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án, júùsì tútù gan-an ife kékeré ni mò ń bù fún wọn lẹ́yìn oúnjẹ, èso tí a jẹ lódindi ló dáa jù fún wọn.

Ní tèmi o, nílé tí iná ò dúró, ṣírọ́ọ̀pù borí júùsì tútù, wọn ò tilẹ̀ kí í ṣe ẹgbẹ́. Àfi ọsàn. Ọsàn ò fẹ́ ká sè é rárá. Ohun kan wà nínú kóró ọsàn àti nínú awọ funfun àárín ẹ̀, limonin lorúkọ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́ mọ́ ọsàn tàbí tẹ́ ẹ gbé omi ọsàn náà kaná, ó lè dùn lójú ẹsẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti korò bí ewúro. Ẹ fún ọsàn lọ́wọ́, ẹ yọ kóró, ẹ mu ún lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ò tiẹ̀ nílò kánjú sí i torí igi ọsàn fúnra ẹ̀ ni fìríìjì ẹ̀, ó lè dúró lórí igi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó ti pọ́n láì bàjẹ́, tí mángòrò ò lè ṣe irú ẹ̀ láé. Ẹ má sì wo àwọ̀ ẹ̀ o, ọsàn tiwa máa ń pọ́n tán tí èèpo ẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, òtútù òru ló ń sọ tàwọn òyìnbó di pupa.

Jáàmù: ẹ dúró ná

Mo mọ̀ pé jáàmù ló wuyì jù. Ìgò kékeré, aṣọ àǹkárá lórí ìdérí, okùn pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́pẹ́ lọ́rùn ẹ̀, ẹ ya fọ́tò, ó tán. Àmọ́ ẹ fi wé ṣírọ́ọ̀pù ká wò ó. Kílò kan ṣúgà kan náà ni, kílò kan èso kan náà ni, ohun tẹ́ ẹ sì máa rí ni jáàmù kílò kan àbọ̀ ó lé díẹ̀ tó jẹ́ pé lórí búrẹ́dì nìkan ló ti wúlò, báwo ni búrẹ́dì tẹ́ ẹ̀ ń jẹ ṣe pọ̀ tó? Nílé tiwa, ẹ̀wà ni wọ́n fi ń jẹ búrẹ́dì. Ìgò jáàmù mẹ́ta tí mo ṣe lọ́dún kan, ọ̀kan ló tán, àlejò ló sì jẹ ẹ́.

Ẹ̀kejì, kì í ṣe gbogbo èso ló máa ń dì. Ohun tó ń mú jáàmù dì ni pectin, ó fẹ́ ṣúgà tó pọ̀, ó fẹ́ ohun tó kan, ó sì fẹ́ iná. Gúáfà ní in rẹpẹtẹ. Èèpo ọsàn àti kóró ọsàn wẹ́wẹ́ ní in. Ápù ní in, ìdí nìyẹn tí àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí igi ápù kan ṣoṣo wà lẹ́yìn ilé wọn, fi máa ń fi jáàmù ẹ̀ yangàn fún mi, kò mọ̀ pé igi ẹ̀ ló bá a ṣe é. Mángòrò tó ti pọ́n ní díẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n bọ̀ ní jù ú lọ. Ọ̀pẹ̀yìnbó ò fẹ́ẹ̀ ní in rárá, èmi ò sì mọ̀ nígbà náà. Mo gbé ọ̀pẹ̀yìnbó mẹ́rin kaná lọ́sàn-án Saturday kan, mò ń rò ó, mò ń retí kó dì, wákàtí kan kọjá, ó ń ṣàn bí omi, mo ní ká fi kún iná, wákàtí kejì kọjá, ó bá di pupa, ó di dúdú, nígbà tó máa tutù ó ti di tọ́fì, orógùn dúró sínú ìkòkò lóòró bí òpó iná. Ìkòkò yẹn, ọjọ́ méjì la fi rẹ ẹ́ sómi.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é dandan, ẹ ṣe ti gúáfà. Ẹ gé e, ẹ bomi díẹ̀ sí i, ẹ sè é kó rọ̀, ẹ fi ṣíbí fọ̀ ọ́ kọjá lójú asẹ́ kí kóró rẹ̀ kù sẹ́yìn, torí kóró gúáfà tó bá há séèyàn léyìn, lọ́la ló máa jáde. Ẹ wọn ohun tó bá kọjá, ẹ da ṣúgà tó wúwo tó o sí i, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí kílò kan. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ki àwo pẹrẹsẹ kékeré kan bọ fìrísà. Tó bá ti ń hó tó sì ń ta síni lára (ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, mi ò ṣeré), ẹ ká ìkòkò kúrò lórí iná, ẹ kán ṣíbí kan sórí àwo tútù yẹn, ẹ kà dé ọgọ́ta, kẹ́ ẹ fi ìka tì í láti ẹ̀gbẹ́. Tó bá ṣàn padà, kò tíì jinná. Tí ojú ẹ̀ bá hunjọ níwájú ìka yín bí awọ orí ẹ̀kọ tó ti tutù, ó ti dé ibi tó ń lọ, 104 sí 105°C nìyẹn fẹ́ni tó ní tẹmọ́mítà. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Ìkòkò irin tí kì í dípata ni kẹ́ ẹ fi sè é, ti alumíníọ̀mù ò bá ohun tó kan ṣe, ó máa ń jẹ ẹ́ lára, ẹ sì máa tọ́ irin lẹ́nu.

Fìrísà àti oòrùn

Ká sọ òótọ́, nínú gbogbo ọ̀nà tí mò ń sọ yìí, fìrísà ló ń pa adùn èso mọ́ jù. Mángòrò gígé tẹ́ ẹ kó sí ọ̀rá ní April, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ní September tẹ́ ẹ lọ̀ ọ́, ẹ máa rò pé ẹ̀ẹ̀rùn ti padà dé ni. Kò fẹ́ ṣúgà kankan, kò fẹ́ ọgbọ́n kankan. Ẹ tò ó sórí tíréè kó kọ́kọ́ gan kẹ́ ẹ tó kó o sí ọ̀rá, kó má baà lẹ̀ mọ́ra di òkúta kan. Ó parí.

Ó parí tí iná bá wà o. Lọ́dún tó ṣìkejì mo kó ọ̀rá mẹ́rìnlá sínú fìrísà, mò ń fọwọ́ sọ̀yà, tiransifọ́mà àdúgbò bá gbaná, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. A tan jẹnẹrétọ̀ títí owó epo fi ju owó mángòrò lọ ní ìlọ́po, lọ́jọ́ kẹrin mo ní kí wọ́n pa á. Ẹran inú ẹ̀ la sáré dín, mángòrò di omi, a gbé e fún ewúrẹ́ aládùúgbò. Nítorí náà ẹni tó ní sólà tó lágbára, fìrísà ni kó lọ, kó má tiẹ̀ ka ìyókù. Ẹni tí kò ní, kó má fi gbogbo ẹyin ẹ̀ síbẹ̀.

Oòrùn ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni oòrùn, àwọn ará Burkina Faso náà ń sá mángòrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gáàsì ni wọ́n fi ń gbẹ ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ sókè òkun, ẹ lè rí i níbi tí wọ́n ti ń ta ìpápánu nílé ìtajà ńlá. Kí ló dé tí tiwa ò rí bẹ́ẹ̀? Ojú ọjọ́ ni. Atẹ́gùn tiwọn gbẹ, tiwa tutù. Ọyẹ́ tó yẹ kó bá wa gbẹ mángòrò, December sí February ló ń fẹ́, ìgbà yẹn mángòrò ṣì jẹ́ òdòdó lórí igi. Nígbà tí mángòrò bá máa wá pọ́n, òjò ti dé. Ẹ máa sá a láàárọ̀, ẹ máa sáré kó o wọlé lọ́sàn-án, tó bá di ọjọ́ kẹta ẹ máa rí ewú funfun lórí ẹ̀. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, mi ò ṣe é mọ́. Ẹni tó bá ní ààrò gáàsì lè gé e pẹlẹbẹ, bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kó rì í sómi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, kó fi sí 60°C kó ṣílẹ̀kùn ààrò díẹ̀, wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá ló máa gbà. Kílò kan ẹran mángòrò máa ṣẹ́kù bíi gíráàmù 200. Ẹ fi gáàsì wákàtí mẹ́wàá wé e kẹ́ ẹ sọ fún mi bóyá ó pé.

Ohun tí ọyẹ́ dáa fún ni àwọn èso tó bá a pàdé. Ọ̀pẹ̀yìnbó tó jẹ́ pé kò nígbà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, àgbọn, àti èèpo ọsàn tí mo máa ń sá lórí asẹ́ pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀ nítorí eṣinṣin, tó bá gbẹ tó ń kán pó màá kó o sínú ìgò, méjì mẹ́ta nínú tíì gbígbóná lálẹ́, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Wáìnì

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ó ṣeé ṣe, ó sì rọrùn ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ: èso, ṣúgà, omi, ṣíbí tíì kan yíìsì, ike ńlá tí ẹ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ìdérí ẹ̀ tí orí rọ́bà kejì sì rì sínú ìgò omi, kí afẹ́fẹ́ lè jáde kí kòkòrò má lè wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, tí omi yẹn ò bá ta pọ́kọ́pọ́kọ́ mọ́, ẹ dà á kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ bí ẹmu ṣe ń kan láàárín ọjọ́ kan, wọ́n ti mọ iṣẹ́ yìí tán. Ọtí ni o, kì í ṣe júùsì ọmọdé, ẹni tí ẹ̀sìn ẹ̀ ò gbà kó fi sílẹ̀, ẹ má sì sọ pé ẹ fẹ́ gbé e kaná kẹ́ ẹ fi pọn ògógóró nílé, ìyẹn lè fọ́ni lójú, ó lè pani.

Ohun kan péré: ẹ má dé ohun tó ń kan pa sínú ìgò. Mo da júùsì ọ̀pẹ̀yìnbó tí mo fi jíńjà sí sínú ìgò kan, mo dé e pinpin, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbàgbé ẹ̀. Aago méjì òru, gbòà! Ọkọ mi ti fò dìde, ó ti mú àdá, ó lóun gbọ́ ìró ìbọn. Ọ̀pẹ̀yìnbó ń kán látorí sílíǹ.

Ẹ wo igi tẹ́ ẹ ní

Kajú ló ń dùn mí jù. Gbogbo èèyàn tó gbìn ín, kóró ni wọ́n ń wá, ẹran ẹ̀ tó rọ̀ tó sì lómi á jẹrà sílẹ̀ lábẹ́ igi, fítámì C inú ẹ̀ sì ju ti ọsàn lọ dáadáa. Ohun tó ń lé èèyàn ni pé ó ń ha ọ̀nà ọ̀fun, àbàwọ́n ẹ̀ kì í sì í kúrò láṣọ, àti pé kì í di ọjọ́ kejì. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe é: lọ́jọ́ tó bá já gan-an, mo máa ń yí kóró ẹ̀ kúrò (ẹ má fi eyín yọ ọ́ o, epo tó wà léèpo kóró tútù yẹn máa bó yín lẹ́nu), màá fọ ẹran ẹ̀, màá fún un, màá da omi ìrẹsì tó ki, bí ìdajì ife, sínú lítà kan, màá pò ó, màá gbé e sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì. Gbogbo ohun tó ń ha ọ̀fun yẹn á lẹ̀ mọ́ ọn, á rì sísàlẹ̀, omi tó mọ́ gaara á lé téńté. Ẹ rọra da èyí tó mọ́ yẹn kúrò, òun ni kẹ́ ẹ fi ṣe ṣírọ́ọ̀pù tàbí kẹ́ ẹ mu bẹ́ẹ̀.

Bràsíìlì ni igi kajú ti wá, àwọn Potogí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ wọn náà ni kajú tí à ń pè é. Àwọn tó ni ín ò fi ẹran ẹ̀ ṣòfò. Ní ìpínlẹ̀ Piauí wọ́n ní ohun mímu kan tí wọ́n ń pè ní cajuína, wọ́n á fún kajú, wọ́n á fi gelatin (ohun tí wọ́n ń yọ lára awọ àti egungun ẹran) kó ohun tó ń ha yẹn kúrò, wọ́n á sẹ́ ẹ títí á fi mọ́, wọ́n á rọ ọ́ sí ìgò, wọ́n á dé e, wọ́n á wá fi ìgò náà sè nínú omi títí ṣúgà kajú fúnra ẹ̀ á fi sọ ọ́ di àwọ̀ góòlù. Kò sí ṣúgà tí wọ́n fi kún un, kò sí ọtí níbẹ̀. Ní 2014 ìjọba wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara àṣà ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè àwọn ni. Tiwa ń jẹrà lábẹ́ igi.

Agbálùmọ̀, ẹ mu ún ní tútù. Ìyá mi máa ń sọ pé kí òjò kọ́kọ́ kàn án kó tó dùn, àmọ́ fún ohun mímu èyí tó kan gan-an ló dáa. Oje ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ bílẹ́ńdà bí gúlúù, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ má sì lọ èèpo mọ́ ọn. Mo ti rí ẹni tó fi ṣe jáàmù. Mi ò ní sọ̀rọ̀ síbẹ̀.

Ìbẹ́pẹ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Kò kan rárá, àìkan yẹn sì ni ewu, torí àwọn kòkòrò burúkú kan wà tí ohun tó kan ò ní jẹ́ kí wọ́n dàgbà, tó jẹ́ pé inú ohun tí kò kan tí wọ́n dé pa ni wọ́n ti ń ṣe májèlé, tí ẹ ò ní gbóòórùn ẹ̀ tí ẹ ò ní tọ́ ọ lẹ́nu. Ìbẹ́pẹ àti bàrà olómi, fìríìjì tàbí fìrísà nìkan, ẹ má rọ wọ́n sígò sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Torí ẹ̀ náà ni mi ò ṣe ń yọ ọsàn wẹ́wẹ́ kúrò nínú ti mángòrò, torí mángòrò mìíràn kan, òmíràn ò kan, ahọ́n ò lè dá a mọ̀.

Ọ̀pẹ̀yìnbó, ẹ ti rí ohun tí jáàmù ẹ̀ fojú mi rí. Ẹ jẹ ẹran ẹ̀, ẹ fi iyọ̀ fọ èèpo ẹ̀ dáadáa, ẹ sè é pẹ̀lú jíńjà àti kànáfùrù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbé dalẹ̀ nìyẹn o.

Ìgò, àti àwọn tó fẹ́ máa tà á

Ìgò ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju èso lọ. Ike omi tẹ́ ẹ bá rọ ohun gbígbóná sí máa ká kò bí ewé tí iná rà, ìgò gíláàsì ni, kẹ́ ẹ sè é nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ rọ ṣírọ́ọ̀pù sí i nígbà tí ìgò náà ṣì gbóná. Ẹ gbé e lé orí pákó tàbí tówẹ̀ẹ̀lì, orí táìsì tútù ló ti fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ dé e, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì kí ooru ẹ̀ lè pa ohun tó wà lára ìdérí. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Tí ìdérí bá wú sókè lọ́jọ́ iwájú, ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ dà á nù.

Àwọn tó ń bi mí bóyá wọ́n lè tà á: fún aládùúgbò àti níbi òde, àwọn èèyàn ń ṣe é. Tó bá ti di pé ẹ fẹ́ lẹ orúkọ mọ́ ọn kó wọ ṣọ́ọ̀bù, NAFDAC gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún yín ní nọ́ńbà ná. Ṣírọ́ọ̀pù ni mo máa mú níbẹ̀ náà, torí júùsì tútù tẹ́ ẹ gbé wọ mọ́tò láago mẹ́wàá lọ sí òde aago méjì, ẹ̀yin àti Ọlọ́run ló kù.

Garawa mẹ́ta tàárọ̀ yìí, bí mo ṣe pín in nìyí. Àwọn tó rọ̀ jù tí wọ́n ti fọ́ nígbà tí wọ́n já, mo gé ibi tó dáa lára wọn, àwọn ọmọ ti mu júùsì ẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Àwọn tó le díẹ̀, mo gé ọ̀rá mẹ́ta péré sí fìrísà, mi ò jẹ́ ju ìyẹn lọ mọ́. Gbogbo ìyókù wà nínú ìkòkò ńlá báyìí, mo ti sẹ́ ẹ, ó tó lítà márùn-ún, ṣúgà ti wà nílẹ̀, ìgò ń hó lórí iná kejì. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo rán ọmọ lọ rà ní ìkóríta láti bí wákàtí kan sẹ́yìn, kò tíì dé.